Bí a ṣe ń dá foraminífẹ́rà aléfòó mọ̀ nínú òkúta: láti orí asẹ́ títí dé orí orúkọ

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ wá kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ mi ní Adó-Èkìtì ló ti gbé òkúta Ìkẹ́rẹ́ wá. Wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa wò ó bóyá foraminífẹ́rà wà nínú rẹ̀." Inú mi máa ń dùn pé òkúta ilé ni wọ́n kọ́kọ́ rò kàn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo gbọ́dọ̀ sọ: ẹ má wulẹ̀ fọ́ ọ. Akọ òkúta ni Òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Ó yọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀ kó tó tutù tó dì, ó sì ti dì tán láti ohun tó lé ní mílíọ̀nù ọdún 500 sẹ́yìn, nígbà tí foraminífẹ́rà aléfòó kankan kò tíì sí láyé. Òkúta orí òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní tirẹ̀ jẹ́ iyanrìn nígbà kan rí, ṣùgbọ́n ooru àti ìwúwo ilẹ̀ ti sè é, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ títí ó fi di ohun mìíràn. Èkìtì la ti ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni òkúta tí a ń ṣiṣẹ́ lé lórí ti ń wá.

Ẹ̀dá inú òkun ni foraminífẹ́rà. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀, síbẹ̀ ó ń kọ́lé. Irú ẹfun kan náà tó wà nínú èèpo ẹyin àti ìkarahun ìgbín ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń kọ́ ọ, yàrá kan lẹ́yìn yàrá kan, bí ẹni tí kò rí owó parí ilé lẹ́ẹ̀kan ṣe ń fi yàrá kún yàrá. Àwọn kan ń gbé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun. Àwọn tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn níbí ń léfòó nínú omi, ìgbà tí wọ́n bá sì kú ni ìkarahun wọn á máa rọ̀ sórí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ bí òjò wẹ́wẹ́, tí ẹrẹ̀ náà á fi di òkúta. Nǹkan bí ẹ̀yà 50 irú wọn ló ṣì wà láàyè lónìí. Àwọn tó ti kú àkúrun pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, olúkúlùkù ló sì ní ìgbà tó yọjú àti ìgbà tó pòórá. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo ní Niger Delta fi ń wá wọn: ẹni tó bá mọ orúkọ ìkarahun inú òkúta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ọjọ́ orí òkúta náà. Tí a bá wá ṣi orúkọ pè, ọjọ́ orí náà ti ṣì nìyẹn.

Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni màá tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ìtọ́sọ́nà yìí má bàa di àkójọ orúkọ lásán. Morozovella velascoensis ni. Ó jẹ́ ti sáà Paleocene, sáà tó bẹ̀rẹ̀ ní mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn tó sì parí ní mílíọ̀nù 56. Ó yọjú ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 60 sẹ́yìn, ó kọjá díẹ̀ wọ inú Eocene, sáà tó tẹ̀ lé e, ó sì pòórá ní nǹkan bí mílíọ̀nù 55. Ó tóbi, ó lẹ́wà, ó sì ní àwọn ìbátan tó jọ ọ́ débi pé ojú tí kò tíì mọ́ lára kì í yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ wá òkúta tó yẹ

Òkúta Paleocene tó súnmọ́ wa wà ní ìhà Ewékorò àti Ṣágámù ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun fún sìmẹ́ńtì. Láti Adó, a ń gba Akúrẹ́, Iléṣà, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta kí á tó dé Ewékorò. Apá kan ni ibẹ̀ jẹ́ lára kòtò ńlá tí ẹrẹ̀ òkun àtijọ́ kún, tó bẹ̀rẹ̀ láti Ghana, tó gba Togo àti orílẹ̀-èdè Benin kọjá wọ ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà.

Ẹni tó bá débẹ̀ á fẹ́ kó òkúta ẹfun funfun fúnra rẹ̀, torí òun lojú ń kọ́kọ́ rí. Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ó le jù láti tú ká sínú omi, gígé ni wọ́n máa ń gé e pẹlẹbẹ tí wọ́n á fi lọ̀ ọ́ títí ìmọ́lẹ̀ á fi là á kọjá. Amọ̀ dúdú tó ti dì ní ìpele ìpele lórí òkúta ẹfun náà, tí wọ́n ń pè ní ṣéèlì Akinbo, ni kí ẹ mú. Omi lè tú u, ìkarahun inú rẹ̀ á sì jáde lódindi.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ibi ìwakùsà, ẹ dé akoto, kí ẹ má sì dúró sábẹ́ ògiri tó ń ya. Ẹ ha ojú ilẹ̀ tí òjò àti oòrùn ti bàjẹ́ kúrò títí ẹ ó fi kan èyí tó tútù, ẹ mú nǹkan bí 200 gíráàmù, ẹ dì í sínú ọ̀rá tuntun. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè, kí ìyàngbò tí ẹ ń gbẹ́ lókè má bàa já sórí ibi tí ẹ kò tíì mú. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà rẹ̀, ibi tí ẹ ti mú un àti bó ṣe jìn tó sí ìlà tí ẹ fi ṣe ìwọ̀n. Yíǹkì bírò kì í dúró níwájú kẹrosíìnì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tú òkúta náà ká

Ẹ fi ìdajì rẹ̀ pa mọ́, ẹ fọ́ ìdajì kejì sí wẹ́wẹ́ bí ẹ̀pà, ẹ má gún un lódó. Ẹ sá a kó gbẹ. Mo tẹnu mọ́ gbígbẹ yìí torí òun ni gbogbo àṣírí ọ̀nà tí mo fẹ́ sọ. Nígbà ọyẹ́, oòrùn ọjọ́ méjì tó fún un. Nígbà òjò, ẹ gbé e sínú ófùùnù tí ooru rẹ̀ kò ju 60 lórí ìwọ̀n Celsius lọ, kó sùn níbẹ̀. Nígbà tó bá tutù, ẹ bu kẹrosíìnì lé e kó bò ó, ẹ dé e, kó di ọjọ́ kejì. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, níbi tí iná kankan kò sí.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ ro kẹrosíìnì náà kúrò kó gbẹ dáadáa (ó ṣì wúlò fún òmíràn), kí ẹ wá da omi lé òkúta náà. Ẹ dúró wò ó. Kẹrosíìnì ti wọ gbogbo ihò tí omi ti gbẹ kúrò nínú rẹ̀; bí omi ṣe ń padà wọlé, ó ń tì í jáde, amọ̀ á sì máa wó lulẹ̀ lójú yín bí ilé alámọ̀ tí àgbàrá gba ìdí rẹ̀. Tí ihò wọ̀nyẹn bá ti ní omi nínú tẹ́lẹ̀, kẹrosíìnì kò ní rí ibi wọ̀, òkúta náà á jókòó síbẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ wá da gbogbo rẹ̀ sórí asẹ́ oníhò 63 màíkírónì. Ẹgbẹ̀rún màíkírónì ló wà nínú mìlímítà kan, nítorí náà ojú ihò asẹ́ yìí kéré sí ti ajọ̀ ògì. Àwọn ọmọ Èkìtì tó ti bá ìyá wọn sẹ́ ògì rí tètè ń mọ iṣẹ́ yìí, àfi pé òdìkejì ni: nídìí ògì, ohun tó bá kọjá ló wúlò, èèrí tó kù lókè ni ti ẹran. Níhìn-ín, amọ̀ tó ń kọjá ni ẹ ó jẹ́ kó lọ, èèrí orí asẹ́ ni ọrọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí omi tó rọra ń ṣàn ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ má fi ọwọ́ rún un bí ẹni ń rún ògì, torí yàrá tó gbẹ̀yìn lára ìkarahun ni ó máa kọ́kọ́ fọ́, òun sì ni ẹ máa nílò jù. Tí omi ìsàlẹ̀ bá ti mọ́ gaara, ẹ da ohun tó kù sórí bébà asẹ́, ẹ gbé e kó gbẹ.

Ẹ má fi ásíìdì kankan sún mọ́ ọn, títí kan fínígà. Ẹfun ni ìkarahun wọ̀nyí, ẹfun kì í dúró nínú ohun kíkan.

Láàrin òkúta kan àti òmíràn, ẹ fọ asẹ́ náà, kí ẹ sì rì í sínú omi aró búlúù tí wọ́n ń pè ní methylene blue. Ìkarahun tó bá há sójú ihò láti inú òkúta àná á di búlúù, tí ó bá sì yọjú nínú òkúta tòní, ẹ ó mọ̀ pé àlejò ni. Mo kọ́ èyí nínú ìrora. Ní ọdún kan, mo lo asẹ́ tí mo yá ní yàrá iṣẹ́ kan, n kò sì rì í sínú aró. Nínú òkúta Paleocene tí mo fọ̀, mo bá ìkarahun kan tó rí roboto bí ọta ìbọn. Orbulina universa ni. Orbulina kò yọjú láyé títí di nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 15 sẹ́yìn, èyí túmọ̀ sí pé ó fi ohun tó lé ní mílíọ̀nù ọdún 40 kéré sí òkúta tí mo ní mo ti rí i. Gbogbo òkúta mẹ́sàn-án tí mo ti fọ̀ lórí asẹ́ náà ni mo dà nù, mo sì padà lọ mú òmíràn. Tí kì í bá ṣe pé Orbulina rọrùn láti dá mọ̀, ǹ bá ti kọ irọ́ sílẹ̀ láìmọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣà wọ́n

Ẹ sẹ́ èyí tó ti gbẹ náà lẹ́ẹ̀kan sí i lórí asẹ́ 250 àti 150. Inú èyí tó dúró lórí 250 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kọjá lójú 150, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé tí ara wọn kò tíì gbó, bẹ́ẹ̀ ọmọ ẹ̀yà kan àti ti òmíràn máa ń jọra gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì ṣe ọdún kan nídìí iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ sọ wọ́n lórúkọ.

Tí èyí tó kù bá pọ̀ jù, ẹ kó o jọ bí òkìtì gàrí, ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ mú ìdá méjì tó dojú kọra, ẹ tún un pín títí yóò fi ku ìwọ̀n tó ní nǹkan bí 300 ìkarahun aléfòó. Gbogbo ohun tó bá wà nínú ìwọ̀n yẹn ni kí ẹ ṣà, èyí tó wuyì àti èyí tí kò wuyì. Ẹni tó bá ń ṣa arẹwà nìkan á rò pé arẹwà ló pọ̀ nínú òkun ìgbà náà.

Àwo dúdú tó ní ìlà mẹ́rin-mẹ́rin ni kí ẹ dà wọ́n sí. Ẹ fi omi tọ́ búrọ́ọ̀ṣì oní-000, èyí tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan ìkarahun náà, yóò lẹ̀ mọ́ ọn fúnra rẹ̀. Ẹ má fi í sẹ́nu láti mú un ṣóńṣó. Ẹ rántí kẹrosíìnì. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ìmọ́lẹ̀ máa ti wá, kó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, torí òjìji ló ń fi ọ̀gbun àti òkè ara ìkarahun hàn. Nígbà tí iná bá lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù tí ẹ gbé lé ìwé méjì ń ṣe é dáadáa, mo ti fi parí iṣẹ́ tó pọ̀.

Aléfòó sábà máa ń fúyẹ́, yàrá rẹ̀ máa ń wú bí èso àjàrà tó so pọ̀, tàbí kó yí ká bí ìgbín. Ti ìsàlẹ̀ òkun máa ń nípọn, ó lè gùn bí ọ̀pá tàbí kí ara rẹ̀ jẹ́ kìkì iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ra. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ má da ti ìsàlẹ̀ nù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: awọ ara ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Tí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí. Ìrísí ni ojú ń kọ́kọ́ mú, ìrísí náà ló sì ń tan èèyàn jẹ jù. Ẹ lọ síbi ìnáwó kan ní Ìjerò tàbí Ìkọ̀lé, ẹ ó rí igba èèyàn nínú aṣọ ẹbí kan náà. Ọmọ ìyá kan náà kọ́ ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣẹ́tí tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ẹ̀gbẹ́ ìkarahun mìíràn ká: àwọn aléfòó ti dá a sára lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti pàdánù rẹ̀, ìran mìíràn sì tún ti dá a sára lẹ́yìn mílíọ̀nù ọdún tó pọ̀. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́tí nìkan mọ ẹbí á so àjèjì mọ́ àjèjì.

Awọ ìkarahun ló ń sọ ìran. Fún àwọn aléfòó Paleocene, irú mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Àkọ́kọ́ ń dán, ihò kéékèèké ló wà lára rẹ̀, kò sí ohun tó yọ sókè. Ìkejì dà bí afárá oyin: ògiri tín-ín-rín yí ihò kọ̀ọ̀kan ká, orí ògiri wọ̀nyẹn ni ẹ̀gún gígùn ti máa ń hù nígbà tí ẹ̀dá náà wà láàyè. Ẹ̀gún ti dá kúrò, ìdí rẹ̀ ló ṣẹ́ kù; Subbotina wà nínú àwọn wọ̀nyí. Ìkẹta ni ti wa. Ó rí gbágungbàgun bí páànù tí wọ́n fi ìṣó lù láti máa fi rin ẹ̀gẹ́, kókó ṣóńṣó kéékèèké ló kún ara rẹ̀, pàápàá ní ìdí yàrá àti ní èjìká. Morozovella àti Acarinina ló sábà ń ní irú awọ yìí. Irú kẹrin wà tí ihò rẹ̀ kéré débi pé maikirosíkóòpù yàrá iṣẹ́ lásán kì í rí i, ṣùgbọ́n àwọn tó ní in kéré jọjọ, ẹ kò ní bá wọn pàdé lórí asẹ́ 250.

Bí a ṣe ń wò ó nìyí: ẹ lo ìmútóbi tó ga jù tí maikirosíkóòpù yín ní, ẹ kán omi tí ẹ fi aró oúnjẹ àwọ̀ ewé díẹ̀ sí sórí ìkarahun náà, ẹ dúró kó máa gbẹ. Aró á sá sínú ihò àti sáàrin yàrá, kókó á dúró ní funfun. Láàrin ìṣẹ́jú kan sí méjì yẹn, gbogbo ohun tó fara pamọ́ á hàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, mo rí ìkarahun pẹlẹbẹ kan tó ní ìṣẹ́tí, yàrá márùn-ún nínú ìyípo ìkẹyìn, mo sì kọ Morozovella sí i lára láìwo awọ rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò bá mi jà. Ó kán aró sí i, ó ní kí n wo ó. Awọ rẹ̀ ń dán bí ojú dígí. Globanomalina pseudomenardii ni, ìran mìíràn pátápátá. Orúkọ rẹ̀ gan-an ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀. Bolli tó sọ ọ́ lórúkọ ní 1957 rí i pé ó jọ Globorotalia menardii tó ṣì ń léfòó nínú òkun títí di òní, ó sì fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "ayédèrú" síwájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹbí. Aṣọ lásán ló pa wọ́n pọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìkarahun tí omi inú ilẹ̀ ti jẹ, tàbí èyí tí ẹfun tuntun ti hù bò. Tí awọ bá ti lọ, ẹ má fi ìrísí rọ́pò rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ṣeé dá mọ̀, kí ẹ kọjá sí òmíràn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá wo ìrísí, lápá mẹ́ta

Ìkarahun oníyìípo bí èyí ní ẹ̀yìn, ó ní ikùn, ó sì ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yìn ni apá tí ẹ ti ń rí gbogbo ìyípo láti yàrá àkọ́kọ́. Ikùn ni apá tí ìdodo, ìyẹn ọ̀gbun àárín tí yàrá yí ká, wà, ìyípo ìkẹyìn nìkan ló sì hàn níbẹ̀. Ẹni tó bá wo apá kan ṣoṣo tó sì pe orúkọ, ó ta tẹ́tẹ́ ni. Ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ tí omi lè yọ mú ìkarahun náà dúró, ẹ yí i, ẹ ya àwòrán apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní pẹ́ńsù kódà bí ẹ bá ní fóònù tó ń ya fọ́tò dáadáa. Ọwọ́ tó ń yà á ń fi ipá mú ojú láti rí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. M. velascoensis rí bí òkòtó tí wọ́n gé ṣóńṣó rẹ̀ kúrò: ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ikùn rẹ̀ yọ gọngọ sísàlẹ̀. Ìṣẹ́tí tó nípọn, tó kún fún kókó, yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká.

Ẹ yí i sí ikùn. Ẹ ka yàrá tó hàn ní ìyípo ìkẹyìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó gbẹ̀yìn, tó sábà máa ń tóbi jù. Ẹ ó rí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ìdodo rẹ̀ fẹ̀, ó jìn, orí yàrá tó yí i ká sì ga, kókó bò ó, ó dà bí kànga tí wọ́n mọ odi yí ẹnu rẹ̀ ká. Odi kànga yìí ni àmì tí mo fẹ́ràn jù lọ lára rẹ̀. Nígbà tí mo bá rí i, mo ti ń fọkàn balẹ̀. Ẹnu ìkarahun náà jẹ́ ihò títẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìdodo tó sì nà lọ sí ìhà ẹ̀gbẹ́, lábẹ́ yàrá tó gbẹ̀yìn.

Ẹ yí i sí ẹ̀yìn. Ìlà tó pààlà sáàrin yàrá tẹ̀ kọdọrọ, ó yọ sókè, kókó sì tò lé e lórí bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ẹ wá fi í wé àwọn ìbátan rẹ̀. Morozovella acuta ló máa ń fa àríyànjiyàn jù. Yàrá tirẹ̀ kéré ní iye, márùn-ún ni ẹ ó máa bá pàdé jù, ìdodo rẹ̀ sì há ju ti velascoensis lọ. Morozovella aequa ní bíi mẹ́rin, èyí tó gbẹ̀yìn sì tóbi débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì ara rẹ̀. Ìdodo rẹ̀ há, ìṣẹ́tí rẹ̀ kò le. Morozovella occlusa lè ní yàrá tó pọ̀ bíi ti velascoensis, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́: ó wú níwájú, ó wú lẹ́yìn, kò rí bí òkòtó, ìdodo rẹ̀ sì kéré.

Àwọn kan á wà tó dúró sáàrin méjì. Mo ti rí ìkarahun tó ní yàrá márùn-ún ààbọ̀ pẹ̀lú ìdodo tí kò fẹ̀ tí kò há. Ẹ̀dá alààyè ni wọ́n nígbà kan, wọn kò mọ̀ pé a máa fa ìlà. Nígbà tí irú èyí bá pọ̀, ẹ to ogún tàbí ọgbọ̀n wọn sórí ìlà kan, láti orí èyí tó jọ acuta jù dé orí èyí tó jọ velascoensis jù, ẹ ka yàrá gbogbo wọn, kí ẹ tó pinnu. Ìkarahun kan kì í ṣe ẹ̀yà. Ọ̀pọ̀ ni ẹ̀yà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: orúkọ

Orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan so mọ́ ìkarahun kan pàtó tí ẹni tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ yàn, tí wọ́n fi pa mọ́ sí ilé ìṣúra kan. Òun ni adájọ́. Tí ẹ bá ní velascoensis lẹ rí, ohun tí ẹ ń sọ ni pé èyí tó wà lọ́wọ́ yín àti èyí tí Cushman ṣàpèjúwe ní 1925 jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Nínú ṣéèlì Velasco ní Mẹ́síkò ni tirẹ̀ ti wá, ibẹ̀ ló sì ti fún un lórúkọ. Pulvinulina velascoensis ló pè é nígbà náà. McGowran dá ìran Morozovella sílẹ̀ lẹ́yìn náà, velascoensis sì kúrò ní ilé àkọ́kọ́ wọ ilé yìí. Kódà òun ni wọ́n fi ṣe òpó ilé náà. Nítorí pé ó ti ṣí kúrò nílé tí wọ́n bí i sí, inú àkámọ́ ni orúkọ Cushman ń wà: Morozovella velascoensis (Cushman, 1925). Tí kò bá tíì ṣí rí, a kì í lo àkámọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé àkámọ́ yìí kò já mọ́ nǹkan, bẹ́ẹ̀ ìtàn ìrìn-àjò ẹ̀yà ló wà nínú rẹ̀.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ láti òkè: Foraminifera ni àgbájọ ńlá, Globigerinoidea wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹbí Truncorotaloididae tó kó àwọn aláwọ gbágungbàgun jọ wà nísàlẹ̀ ìyẹn, lẹ́yìn náà Morozovella, lẹ́yìn náà velascoensis. Morozovella máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, velascoensis kò gbọdọ̀ ní lẹ́tà ńlá, àwọn méjèèjì sì máa ń dà gẹ̀rẹ́ nínú ìwé títẹ̀.

Láti fi tiyín wé ti Cushman, ẹ kò nílò ìwé ìrìnnà lọ sí Amẹ́ríkà. Mikrotax lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó kó àwòrán ìkarahun adájọ́ ẹ̀yà tó pọ̀ jọ pẹ̀lú àpèjúwe àti ìgbà tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan gbé láyé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ àkíyèsí tiyín sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí i. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo àwòrán, ohun tó wà nínú àwòrán ni ojú rẹ̀ á máa rí lára ìkarahun.

Ẹ jẹ́ kí orúkọ tí ẹ kọ sọ bí ó ṣe dá yín lójú tó. Tí gbogbo àmì bá pé, ẹ kọ M. velascoensis. Tí ó bá jọ ọ́ ṣùgbọ́n yàrá kan ti fọ́ tàbí ìdodo ti dí, ẹ kọ Morozovella cf. velascoensis, ìyẹn ni pé kí olùkà fi í wé e. Tí ó bá súnmọ́ ọn ṣùgbọ́n ó dá yín lójú pé òun kọ́, aff. ni kí ẹ lò. Tí ó bá jẹ́ pé ìran nìkan ló yé yín, Morozovella sp. tó. Mo máa ń fọkàn tán ìwé tó ní cf. mẹ́wàá nínú ju èyí tí kò ní ẹyọ kan lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀

Ìkarahun kì í wà nínú òkúta lóun nìkan. Tí ẹ bá rí velascoensis pẹ̀lú Globanomalina pseudomenardii nínú òkúta kan náà, tí asẹ́ yín sì mọ́, ẹ wà nínú ìpele tí wọ́n ń pè ní P4, torí gbogbo ìgbà ayé pseudomenardii ni wọ́n fi ṣe ìpele náà. Tí ẹ kò bá rí pseudomenardii, ẹ má tíì sọ pé ẹ ti kọjá P4. Ó lè jẹ́ pé ẹ kò ṣà tó, tàbí pé omi ilẹ̀ ti jẹ ẹ́, torí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti Morozovella lọ. Ẹ ṣa àádọ́jọ mìíràn, kí ẹ tún wò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ ìkarahun náà mọ́ síláìdì, ikùn sókè fún ọ̀kan, ẹ̀yìn sókè fún ìkejì, kí ìkẹta fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ fi dígí bò ó, kí ẹ kọ nọ́ńbà òkúta, ibi tó ti wá, ìwọ̀n asẹ́, orúkọ ẹ̀yà, orúkọ ẹni tó dá a mọ̀ àti ọjọ́ náà sí etí rẹ̀. Tí ẹlòmíràn bá yí orúkọ náà padà lọ́jọ́ iwájú, kó kọ tirẹ̀ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀, kó má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ìdajì òkúta tí ẹ kò fọ̀, ẹ dì í padà sínú ọ̀rá rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, ẹ gbé e síbi tó gbẹ.